Àgbò Tí A Kò Tíì Pa

Ilé Abógúnrìn,
Ìlódè,
Ilé-Ifẹ̀,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Keje, 1985.

Àtọ́kẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka àwọn tí ó wá sáyé àti àwọn tí ó lọ sílé ọkọ fún ọ. Ìyàwó Àmúdà ti bí, ọmọkùnrin ni! Lẹ́yìn obìnrin mẹ́rin tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ìkòkò, Ọlọ́run fún wa ní ọkùnrin ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù yìí. Ó pupa, irun kún orí rẹ̀, imú mi gan-an ni ó sì gbé wá, kí ẹnikẹ́ni má bá mi jiyàn. Mojíre, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ti lọ sílé ọkọ kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé kan ní yunifásítì ni ó fẹ́ ẹ, wọ́n gba yàrá méjì ní àdúgbò Mayfair, omi ẹ̀rọ sì wà nínú ilé. Ìyàwó Adéagbo, ayálégbé wa tí ó wà ní yàrá iwájú, bí ìbejì. Kẹ́hìndé ti padà, Táíwò ń bẹ.

Ìyá Láoyè, ṣé àlàáfíà ni o wà? Eékún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o kírun ní ìdúró? Yéjídé ńkọ́, àti àwọn ọmọ rẹ̀? Ṣé iṣu ta dáadáa ní Ìwó lọ́dún yìí? Níbí, òjò ń rọ̀ débi pé ẹ̀fọ́ ń jẹrà lórí ebè. Ara tèmi le, mo dúpẹ́, àfi ojú tí ó ń rí ohun tí ó jìnnà ju ohun tí ó wà nítòsí lọ.

O ó ti rí i pé ìwé yìí kò rí bí àwọn tí ó ti ń wá tẹ́lẹ̀. Akọ̀wé tí ó máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kóòtù kọ́ ni ó bá mi kọ ọ́. Èmi Àmọ̀kẹ́ ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń lọ sí ẹ̀kọ́ àgbà ní Òkè-Ogbó, Ọ̀gbẹ́ni Fákúnlé tí ń kọ́ wa sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé àmì orí ọ̀rọ̀ tèmi kì í sábà ṣìnà. Ìwé ẹ̀rín ni mo rò pé n ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ mi kọ sí ọ, kí o lè mọ̀ pé ọ̀rẹ́ rẹ ti di ọ̀mọ̀wé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wà nínú èyí, n kò lè sọ ọ́ sétí akọ̀wé kankan, n kò sì lè fi í sí póòsù. Ayé ṣọ́jà ni a tún wà báyìí, ìwọ náà mọ̀. Àlíyù àbúrò Àmúdà ni yóò fi lé Yéjídé lọ́wọ́. Kò mọ ohun tí ó gbé wá, ẹ má bi í.

Yéjídé ọmọ mi, mo mọ̀ pé ìwọ ni o ń ka èyí sétí ìyá rẹ. Dúró díẹ̀. Ti ilẹ̀kùn. Bí àwọn ọmọdé bá wà nítòsí, rán wọn níṣẹ́ ibi tí ó jìnnà. Bu omi sí ife, gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ, kí o jókòó tì í débi tí èjìká yín yóò kan ara wọn. Nígbà náà ni kí o máa kà á lọ.

Àtọ́kẹ́, ọjọ́ ìkómọ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣí, Ọjọ́rú tí ó kọjá. O mọ̀ pé Bàbá Àmúdà, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ni ó máa ń pa àgbò gbogbo ọmọ tí a bá bí nínú ilé yìí. Ó kú ní ààwẹ̀ èṣí. Nítorí náà ó di ọwọ́ Àmúdà: òun ni bàbá ọmọ, òun sì ni olórí ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i pé láti ìgbà tí ó ti ti ogun Bìáfírà dé, kò pa adìyẹ rí. Bí Iléyá bá dé, yóò ní orí ń fọ́ òun, yóò lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀, kò ní padà wálé títí a ó fi kun ẹran tán. Àwọn ará àdúgbò a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ní ohun tí ojú rí lójú ogun ni kò tíì jáde lójú, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, àwọn àgbà ń sọ owó sínú abọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí ó kàn mí, mo dìde dúró. Mo ti ń ro orúkọ náà láti ìgbà tí wọ́n ti ní ọkùnrin ni. Mo ní Láoyè ni mo sọ ọ́, Láoyè ọmọ Àtọ́kẹ́ ọ̀rẹ́ mi, tí òun àti bàbá ọmọ yìí jọ wọ iṣẹ́ ṣọ́jà lọ́jọ́ kan náà, tí ọ̀tá pa lójú ogun. Mo ní kí orúkọ náà má parẹ́. Àwọn ènìyàn ṣe àmín, obìnrin méjì nu ojú. Orí mi wú. Mo ń wo àwùjọ bí ẹni tí ó ṣe ohun ńlá, n kò wo ojú ọmọ mi.

A bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. O mọ bí a ṣe máa ń ṣe é: ẹni tí yóò pa àgbò ìkómọ yóò pe orúkọ Ọlọ́run, yóò sì pe orúkọ ọmọ náà ketekete, pé ti lágbájá nìyí, kí ọ̀bẹ tó kan ọrùn ẹran. Àlíyù di àgbò mú mọ́lẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo gbé ọ̀bẹ bàbá rẹ̀ lé Àmúdà lọ́wọ́. Ó gbà á, ó sì dúró bí òpó.

Bàbá Ọ̀ṣúndáre, aládùúgbò wa tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní, “Ṣọ́jà! Ṣé bí o ṣe dúró wo Bìáfírà náà nìyí? Abájọ tí ogun yẹn fi pẹ́!”

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Àmúdà, pe orúkọ rẹ̀ jàre. Sọ pé ti Láoyè nìyí.”

Ọ̀bẹ jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, “Ìyá mi, n kò lè pe orúkọ yẹn sórí ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.” Ó gba àárín àwọn àlejò kọjá, ó jáde.

Nígbà tí àwọn ènìyàn túká, mo bá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó sórí pákó, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà. Mo jókòó tì í títí ọ̀rọ̀ náà fi jáde fúnra rẹ̀.

Ó ní ọ̀gá kan wà lórí wọn lójú ogun. N kò ní kọ orúkọ rẹ̀ nítorí Àmúdà kò pè é. Mo bi í pé ọmọ ìlú ibo ni, ó ní, “Ìyá mi, ìkà kò ní ìlú.” Ọ̀gá yìí a máa so ṣọ́jà mọ́ igi nínú oòrùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nítorí bọ́tìnnì tí ó já. Ó fi ìdí ìbọn gbá eyín ọmọ kan yọ nítorí pé ó ń sunkún ìyá rẹ̀ lójú oorun. Ó máa ń sọ fún wọn pé ẹni tí kò bá bẹ̀rù òun ju ọ̀tá lọ kò tíì di ṣọ́jà. Àmúdà ni ó ń fọ aṣọ rẹ̀, òun ni ó ń gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n wọ abúlé Íbò kan. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ti sá. Àwọn arúgbó àti àwọn ìyá ọlọ́mọ ni ó kù, wọ́n fara pamọ́ sínú ilé-ìwé. Ọ̀gá ní kí wọ́n kó wọn síta kí wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n, pé àwọn ni wọ́n ń bọ́ ọ̀tá. Láoyè ni ó kọ́kọ́ nawọ́ sí pé kí ó bẹ̀rẹ̀.

Àtọ́kẹ́, gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ ṣe. Arúgbó kan ni ó wà níwájú rẹ̀, tí ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Láoyè wo arúgbó náà, ó sì gbé ìbọn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Sà, ìyá mi rí báyìí.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá tún àṣẹ náà pa. Láoyè mi orí. Ọ̀gá fa ìbọn kékeré tí ó wà ní ìbàdí rẹ̀ yọ, ó sì yìn ín lu ọmọ rẹ níbẹ̀, lójú gbogbo wọn.

Kò jẹ̀rora pẹ́. Mo bi Àmúdà, mo tún bi í, ó fi Ọlọ́run búra fún mi.

Yéjídé, fún un ní omi.

Ìwé tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí yín, tí ó ní ọ̀tá ni ó pa á lójú ìjà, irọ́ ni. Ọ̀gá náà ni ó ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. N kò mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé mi ni yóò ti bá a.

Nígbà tí ìbọn yẹn dún, ariwo sọ. Àwọn obìnrin náà gbé ọmọ, wọ́n sá wọ igbó. Àmúdà ní àwọn ṣọ́jà yìnbọn tẹ̀lé wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí igi ni wọ́n ń yìn ín sí. Inú ọ̀gá ru. Ó búra pé lọ́la, ní abúlé tí ó wà níwájú, òun fúnra òun ni yóò dúró sẹ́yìn wọn, ẹni tí ó bá tún yìn ín sókè yóò bá Láoyè lọ.

Ní àárọ̀, Àmúdà gbé ọṣẹ àti aṣọ ìnura tẹ̀lé e lọ sí odò. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bọ́jú. Ohùn rẹ̀ rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní ìwé dé láti ilé pé ọmọ òun ti ń rìn. Ọṣẹ bò ó lójú. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní kí Àmúdà fún òun ní aṣọ ìnura.

Àmúdà ní ẹnu òun ni ó ṣáájú ọwọ́ òun. Ẹnu rẹ̀ ní, “Ti Láoyè nìyí.” Ìbọn sì dún.

Àwọn yòókù sáré dé. Wọ́n wo ọ̀gá nínú omi, wọ́n wo Àmúdà. Ẹni tí ó dàgbà jù láàárín wọn ní, “Ọ̀tá ti òdìkejì odò yìn ín, àbí ẹ kò gbọ́ ni?” Gbogbo wọn ní àwọn gbọ́. Wọ́n sin ín, wọ́n sì kọ ìwé sí ìyá tirẹ̀ náà pé ọ̀tá ni ó pa á. Wọ́n la abúlé iwájú kọjá láìyìnbọn. Àwọn ará ibẹ̀ fún wọn ní iṣu.

Èyí ni ọmọ mi ti gbé sínú láti ìgbà náà. Mo sọ ohun tí ìyá èyíkéyìí yóò sọ. Mo ní àwọn ará abúlé yẹn ni ó gbà là, mo ní bí kò bá pa á, yóò pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó ní òun náà ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara òun, òun sì ń gbà á gbọ́ lọ́sàn-án. “Ṣùgbọ́n, Ìyá mi, orúkọ abúlé yẹn kọ́ ni ẹnu mi pè. Láoyè kú nítorí pé ó kọ̀ láti pa ènìyàn. Èmi wá fi orúkọ rẹ̀ pa ènìyàn, ẹni tí ó kọ ẹ̀yìn sí mi, tí ó ní kí n fún òun ní aṣọ ìnura.”

Ìwọ mọ̀ mí, òwe kì í wọ́n lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo èyí tí mo fà yọ, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni ó fi ń gé mi. Mo rántí pé ẹ̀san kò gbọ́ oògùn, ara mi balẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rántí èyí tí a máa ń pa mọ́ ọ̀dàlẹ̀, pé ẹni tí a ní kí ó kín ni lẹ́yìn fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Ọmọ mi nìyẹn ní etí odò. Ṣùgbọ́n Àtọ́kẹ́, àwọn tí ó pa òwe yẹn kò béèrè ohun tí ẹlẹ́yìn náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lánàá.

Mo lọ bá Ààfáà wa. N kò lè sọ ọ́ bí ó ṣe rí, mo fi ajá bò ó. Mo ní bí ajá ọdẹ bá bu olówó rẹ̀ jẹ pa nítorí pé olówó rẹ̀ ń pa ọmọ ẹlòmíràn, ṣé ajá náà jẹ̀bi? Ó ní, “Ìyá Àmúdà, ajá kọ́ ni ẹ ń sọ.” Ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run àti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ni òkú ni ó wà, pé kò sí nínú àpò agbádá òun. Mo tún fi ọgbọ́n bi Ọ̀gbẹ́ni Fákúnlé. Òun ní òfin ṣọ́jà kò ní ẹjọ́ méjì fún ẹni tí ó bá pa ọ̀gá rẹ̀, wọn yóò so ó mọ́ òpó, wọn yóò sì yìnbọn pa á. Mo bi í pé ọ̀gá tí ó pa ọmọ abẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ó nu pátákó ìkọ̀wé, ó ní kí á ṣí ìwé wa.

Èrò tèmi nìyí, n kò ní fi pamọ́ fún ọ. N kò lè ṣọ̀fọ̀ ọkùnrin náà. Mo gbìyànjú, kò wá. Bí mo bá ro ti arúgbó tí ó fi ọwọ́ bo orí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó dà bí ẹni pé orí ọmọ tí mo gbé sẹ́sẹ̀ yìí ni. Ṣùgbọ́n mo ń rí ìyá ọ̀gá náà. Ibikíbi tí ó bá wà, wọ́n ka irú ìwé tí wọ́n kà sí ọ létí sí òun náà létí. Òun náà ń ṣépè fún ọ̀tá kan tí kò sí níbẹ̀. N kò lè sọ pé ohun tí ọmọ mi ṣe dára, n kò sì lè sọ pé kí ó má ṣe é. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn. Kò tù mí lára rárá.

Ọ̀rọ̀ èpè ni ó mú mi kọ̀wé kíákíá. Láti ìgbà tí ìwé ìjọba náà ti dé, o kì í kírun Jímọ̀ kí o má ṣépè fún àwọn tí ó pa Láoyè. Ọmọ Íbò tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní iwájú ilé yín kí ọ lójú mi nígbà tí mo wá, o tutọ́ sílẹ̀. N kò dá ọ lẹ́bi, èmi náà yí ojú kúrò. Àtọ́kẹ́, kì í ṣe àwọn. Ìyá Íbò kan ni ọmọ rẹ kú fún. Bí obìnrin náà bá wà láàyè, bóyá ó ń ṣàdúrà báyìí fún ọmọkùnrin kan tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Dá èpè náà dúró.

Àmúdà kò tíì gbé ọmọ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ni ó ń sùn, oúnjẹ tí mo bá gbé lọ ni mo ń gbé bọ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má pe ọmọ náà ní Láoyè títí ìyá Láoyè yóò fi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fẹ́ wá sí Ìwó láti dọ̀bálẹ̀ fún ọ. Èmi ni mo ní kí ó dúró, nítorí n kò fẹ́ kí o máa gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ kí o sì máa wo ojú rẹ̀ pọ̀. Àlíyù ní òun yóò bá wọn pa àgbò náà kí ọ̀rọ̀ tán, Àmúdà kọ̀. Ààfáà ti gbà kí á sún un di ọjọ́ kọkànlélógún, Ìṣẹ́gun ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí. Àgbò náà ṣì wà lórí okùn lẹ́yìn ilé, ó ń jẹ èèpo iṣu. Bí mo bá kọjá, ó máa ń gbé orí sókè wò mí.

Mo fẹ́ kí o wá kí ọjọ́ náà tó pé. N kò sọ pé kí o dárí jì í. N kò sì sọ pé kí o kí i kú iṣẹ́. Ohun tí ó bá wà ní inú rẹ ni kí o sọ, ní iwájú rẹ̀. Bí o bá ní kí ó gba ọ̀bẹ kí ó sì pe orúkọ náà, yóò pè é. Bí o bá ní kí á gba orúkọ ọmọ rẹ kúrò lórí ọmọ wa, a ó gbà á kúrò, n ó ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ. Nínú gbogbo ayé, ìwọ nìkan ni ó tọ́ sí láti dá ẹjọ́ yìí.

Yéjídé, o ṣeun, ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ kú bí ọkùnrin. Má tọ́jú ìwé yìí sí ibi tí ọmọdé lè rí i. Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ará ilé. Ìyàwó Àmúdà kí yín. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń bi mí léraléra pé kí ni orúkọ àbúrò àwọn, mo ń sọ fún wọn pé àlejò kan ni ó ń mú un bọ̀.

Àtọ́kẹ́, owó wà nínú àpò ìwé yìí fún ọkọ̀ ìwọ àti Yéjídé. Mo fi ti pípadà sí i, kí o má baà rò pé mo fẹ́ dá ọ dúró. Bí ọ̀rọ̀ tí o ní í sọ bá korò, sọ ọ́, kí o sì wọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Náírà márùn-ún fún wíwá, náírà márùn-ún fún pípadà. Náírà mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀.

Èmi tí mo ń wo ọ̀nà Ìwó,
Àmọ̀kẹ́, Ìyá Àmúdà.